Gbígbóná Yàtọ̀ sí Ooru: Irin Pípọ́n, Omi Ìwẹ̀ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ gbígbóná. Láti kékeré ni a ti ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má fọwọ́ kan iná, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èdè náà kò sì ráhùn ọ̀rọ̀ lórí èyí. Omi lè tutù, ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè gbóná, ó sì lè hó. Ara aláìsàn a máa gbóná, ọjà a máa gbóná, ọ̀rọ̀ pàápàá a máa gbóná láàrin tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó sún mọ́ gbígbóná pẹ́kípẹ́kí, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ooru. Gbígbóná ń sọ bí ohun kan ti rí. Ooru ń mú ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní “ooru ń mú mi” ti fi hàn pé ohun kan ń ti ibòmíràn bọ̀ wá bá òun. Ìyàtọ̀ kékeré yìí, tí àwọn tí wọ́n ń sọ èdè náà kì í dúró rò, ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kan nínú físíìsì tí ó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú: ẹ̀kọ́ nípa iye ooru tí ohun kọ̀ọ̀kan ń gbà kí ó tó gbóná dé ìwọ̀n kan, àti iye tí ó ń yọ dànù bí ó bá ń tutù.

Ọ̀rọ̀ náà di ohun àròjinlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà ìsinmi kan tí ó lọ lò nílé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní SS 2, ó sì mọ físíìsì bí ẹni mowó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin kan nínú ilé náà fa abọ́ ògì gbígbóná tí wọ́n gbé sórí tábìlì, ògì sì dà sí i lápá. Igbe ta. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣe, àbúrò yìí ti sáré wọlé, ó ti gbé ìgò epo pupa jáde, ó sì ti ń dà á sí ọmọ náà lápá. Ohun tí wọ́n ti máa ń ṣe láti ayébáyé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé ní òdìkejì títì ni ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ó gbé apá rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bo ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí ṣí ìwé físíìsì àbúrò rẹ̀. Ìṣirò mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀ lórí ooru, olùkọ́ rẹ̀ sì ti fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó bi í pé kí ni lẹ́tà c inú fọ́múlà náà dúró fún. Àbúrò dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

“Sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kò sí i ní Yorùbá.”

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí ó sùn bọ̀rọ̀. Bí ohun tí ọmọ náà mọ̀ kò bá sí ní èdè tí ó fi ń ronú nígbà tí igbe bá ta, níbo ni ìmọ̀ náà wà? Ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lórí omi àti ooru. Nígbà tí omi àti ooru sì di ọ̀ràn gidi lójú rẹ̀, epo ni ó sáré lọ gbé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe àbúrò rẹ̀ jókòó, ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Èwo ni yóò fún ènìyàn ní ooru tí ó pọ̀ jù bí ó bá ń tutù: irin ọkọ́ tí ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú iná alágbẹ̀dẹ ni, àbí garawa omi ìwẹ̀ kan tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ìbéèrè náà tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀fẹ̀ létí ọmọkùnrin náà. Ta ni yóò fọwọ́ kan irin pípọ́n? Irin ni, ó dájú. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó ṣírò ó.

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò náà ń bèèrè. Àkọ́kọ́ ni bí ohun náà ti pọ̀ tó, tí a ń fi kílógíráàmù wọ̀n. Èkejì ni iye dígíríì tí ìgbóná rẹ̀ fi gòkè tàbí tí ó fi wálẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwà ohun náà fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe iye ooru tí kílógíráàmù kan péré nínú rẹ̀ ń gbà kí ìgbóná rẹ̀ tó fi dígíríì kan ṣoṣo gòkè. Bí a bá fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ara wọn di púpọ̀, iye ooru ni yóò jáde. Fọ́múlà tí ó wà nínú ìwé ọmọ náà, Q = mcθ, kò sọ ju èyí lọ. Júùlù ni a fi ń ka ooru náà. Ní ti omi, kílógíráàmù kan ń gba nǹkan bí 4,200 júùlù fún dígíríì kan. Òróró àti epo ń gba nǹkan bí 2,000. Alumíníọ́ọ̀mù ń gba 900, irin ń gba nǹkan bí 450, bàbà ń gba nǹkan bí 390, mẹ́kúrì sì ń gba 140 péré.

Ká ní irin ọkọ́ náà jẹ́ ààbọ̀ kílógíráàmù, tí ó sì pọ́n dé 700 dígíríì. Bí ó bá tutù wá sí 25 dígíríì, èyí tí í ṣe ìgbóná afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, dígíríì 675 ni ó fi wálẹ̀. Ooru tí ó yọ ni:

0.5 × 450 × 675 = 151,875 júùlù.

Ká ní garawa omi ìwẹ̀ náà gba lítà mẹ́wàá, èyí tí í ṣe kílógíráàmù mẹ́wàá, tí ìgbóná rẹ̀ kò sì ju 40 dígíríì lọ. Bí òun náà bá tutù wá sí 25, dígíríì 15 péré ni ó fi wálẹ̀. Ooru tí ó yọ ni:

10 × 4,200 × 15 = 630,000 júùlù.

Omi tí ọmọdé lè fi wẹ̀ ní ooru tí yóò yọ ju ti irin tí ó ń jó ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Àbúrò tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti fi àmì kan sí ibi tí kò yẹ. Iye kan náà ni ó ń jáde. Gbígbóná irin náà ga fíofío, ṣùgbọ́n ooru tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ fi lè ti irin pípọ́n bọ inú omi kékeré kan, tí omi náà yóò pariwo ṣáà, tí yóò rú èéfín díẹ̀, tí kò sì ní pẹ́ tí ènìyàn yóò tún lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí irin yẹn bá bọ́ sínú omi kílógíráàmù márùn-ún tí ó wà ní 25 dígíríì, ìṣirò fi hàn pé omi náà àti irin náà yóò pàdé ní nǹkan bí 32 dígíríì. Irin ti fi dígíríì tí ó lé ní 660 wálẹ̀; omi kò gòkè ju nǹkan bí dígíríì méje lọ. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ohun tí ó ń wá ń bẹ níbẹ̀. Ó pẹ́ tí ohun tí físíìsì ń wá ti wà ní ilé-arọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé nítorí pé èdè Yorùbá kò ní ilé àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ ni ìyàtọ̀ gbígbóná àti ooru fi fara sin. Ó fara sin fún àwọn tí wọ́n ni ilé àyẹ̀wò pàápàá. Tẹmómítà ti wà ní Yúróòpù. Fahrenheit ti ṣe ìdíwọ̀n tirẹ̀ ní 1724, Celsius sì ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1742. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun tí tẹmómítà ń kà náà ni iye ooru. Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, Joseph Black, tí a bí ní 1728, ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere ní nǹkan bí ọdún 1760 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó rú u lójú ni ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀, nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò pé yóò gba ooru ju omi lọ. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá gbé ìwọ̀n ìgò kan náà nínú méjèèjì síwájú iná kan náà, mẹ́kúrì a yára gbóná, a sì tún yára tutù. Black rí i pé ohun kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń gba ooru sí, pé wíwúwo nìkan kò tó fi mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kíyè sí ohun kan nípa ọkùnrin yìí. Kò kọ ìwé jáde lórí ẹ̀kọ́ náà. Inú kíláàsì ni ó ti ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń mú un kiri. Ọdún 1799 ni ó kú. Ọdún 1803 ni John Robison tó tẹ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní ìwé. Ẹnu olùkọ́ ni ìmọ̀ náà gbé fún bí ogójì ọdún kí ó tó dé orí tákàdá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Prescott Joule, ọmọ Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fi hàn láàrin ọdún 1840 sí 1850 pé iṣẹ́ tí ènìyàn fi agbára ṣe àti ooru jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó fi ohun wíwúwo tí ń já bọ̀ yí àjẹ̀ kékeré kan nínú omi, omi náà sì gbóná díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ júùlù. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mọ bí júùlù ti rí, kí ó ronú sí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Àpò náà jẹ́ àádọ́ta kílógíráàmù. Ẹni tí ó bá gbé e sókè ní mítà kan ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó 500 júùlù. Wàyí o, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé omi lítà méjì láti 25 dígíríì dé 100 kí ó lè hó yóò ná 2 × 4,200 × 75, èyí tí í ṣe 630,000 júùlù. Iye iṣẹ́ yẹn ni ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì sókè ní ìgbà 1,260 ṣe. Obìnrin tí ó ń fi igi mẹ́ta dáná omi tíì ní òwúrọ̀ kò mọ̀ pé agbára tí ó pọ̀ tó báyìí ni òun ń pa láṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra igi, tí ó ń ra kẹrosíìnì tàbí gáàsì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí a bá fi omi sè ń náni lówó, nítorí omi jẹ́ alájẹkì ooru. Ìlọ́po méjì ohun tí epo ń gbà ni ó ń gbà. Bí iná kan náà bá ń jó lábẹ́ ìwọ̀n kan náà nínú méjèèjì, epo yóò ti gbóná dé ìwọ̀n kan kí omi tó rìn dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ àpòpọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ilé tí kò ní ẹ̀rọ amómigbóná, kétù omi híhó ni a ń bù lé omi tútù fún àgbàlagbà. Bí omi híhó bá jẹ́ kílógíráàmù méjì, tí omi tútù jẹ́ mẹ́jọ ní 25 dígíríì, 40 dígíríì ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Omi híhó ti fi ọgọ́ta dígíríì wálẹ̀, ó sì yọ 2 × 4,200 × 60. Omi tútù ti fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gòkè, ó sì gba 8 × 4,200 × 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 504,000 júùlù. Ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè, àyàfi díẹ̀ tí garawa àti afẹ́fẹ́ bá gbà níbẹ̀. Kò sí ooru tí ó ṣègbé. Ìyá àgbà tí ó ń ti ọwọ́ bọ omi ìwẹ̀ láti mọ̀ bí ó ti tó ń ṣe ìṣirò yìí láìní bírò lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibí ni ẹ̀gbọ́n tó wá mẹ́nu kan ọmọ tí ògì dà sí lára. Ká ní ògì tí ó dúró sí i lápá jẹ́ ìdá márùn-ún kílógíráàmù kan, tí ó sì wà ní 90 dígíríì. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ògì, nítorí náà ìṣirò omi kò ní ṣìnà jìnnà. Kí ó tó tutù dé 40 dígíríì, yóò yọ 0.2 × 4,200 × 50, tí í ṣe 42,000 júùlù. Ògì kì í ṣàn kúrò bí omi. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wọ ara ọmọ náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá wọlé kò dúró lójú awọ. Ó ń wọ inú lọ, ó sì ń ba ẹran ara jẹ́ lẹ́yìn tí a ti nu ògì kúrò pàápàá. Ooru yẹn ni ó yẹ kí a gbà jáde.

Kí ni yóò gbà á? Epo pupa tí wọ́n dà sí i kò ju ìdá mẹ́wàá kílógíráàmù lọ. Bí ó bá fi dígíríì mẹ́wàá gbóná, 0.1 × 2,000 × 10 ni yóò gbà, èyí tí í ṣe 2,000 júùlù. Lẹ́yìn ìyẹn yóò dúró lójú ọgbẹ́ bí ìbora. Omi kẹ́ẹ̀gì kan ńkọ́, lítà ogún? Bí gbogbo 42,000 júùlù náà bá wọ inú rẹ̀, ìgbóná rẹ̀ kò ní gòkè ju ààbọ̀ dígíríì lọ. Bí ó bá sì jẹ́ omi tí ó ń ṣàn, bí ó ti ń gba ooru ni ó ń gbé e lọ, tí omi tutù mìíràn ń dé láti rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí nọ́ọ̀sì náà fi ní ogún ìṣẹ́jú nìyẹn: ooru tí ó ti wọ inú ń fẹ́ àsìkò kí ó tó jáde. Yìnyín kò dára níbẹ̀, nítorí òtútù rẹ̀ lè tún ba awọ jẹ́. Ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín kò sì wúlò. Omi tútù lásán tí ó mọ́ ni.

Àbúrò dákẹ́. Ìgbà tí ó sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ iye 4,200 yẹn tẹ́lẹ̀.” Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ti kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí omi bá dé 100 dígíríì, tí iná kò sì dáwọ́ dúró, tẹmómítà kò ní gòkè mọ́. Ooru ń wọlé, gbígbóná dúró sójú kan. Níbo ni ooru náà ń lọ? Òun ni ó ń sọ omi di èéfín. Kílógíráàmù kan omi híhó ń gba nǹkan bí 2,260,000 júùlù kí gbogbo rẹ̀ tó di èéfín tán, èyí tí ó ju ìlọ́po márùn-ún ooru tí ó gbé omi náà láti orí òdo dígíríì dé híhó lọ. Black ni ó kọ́kọ́ yẹ èyí wò dáadáa, ó sì sọ ooru náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí èyí tí ó fara pamọ́. Nígbà tí èéfín yẹn bá kan ara ènìyàn, tí ó sì padà di omi, gbogbo ooru afarasin yẹn ni ó ń dá padà. Omi híhó tí kò ju gíráàmù mẹ́wàá lọ yóò yọ nǹkan bí 2,650 júùlù bí ó bá tutù dé ìgbóná ara ènìyàn. Èéfín omi gíráàmù mẹ́wàá yóò yọ nǹkan bí 25,250. Méjèèjì wà ní 100 dígíríì. Ẹni tí ó bá ń ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín kí ó ṣí ìdérí rẹ̀ sí òdìkejì ara rẹ̀.

Ooru afarasin yìí kan náà ni ó ń mú omi àmù tutù. Amọ̀ tí a fi mọ àmù ń jẹ́ kí omi díẹ̀ máa sun jáde sí ara rẹ̀, omi náà ń fẹ́ lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gba ooru lára èyí tí ó kù. Bí ìdá mẹ́wàá kílógíráàmù bá fẹ́ lọ lára àmù tí ó ní kílógíráàmù mẹ́wàá omi, tí gbogbo ooru rẹ̀ sì ti ara omi náà wá, ìgbóná omi yóò fi dígíríì márùn-ún ó lé díẹ̀ wálẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ń tètè fẹ́ lọ, omi àmù a sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti mu omi àmù rí nígbà ọyẹ́ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́.

Orúkọ wá ni iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kí ni ó yẹ kí a pe lẹ́tà c yẹn? Ẹni tí ó bá tú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ lè pè é ní “ooru pàtó”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí c kì í ṣe ooru rárá, kì í sì í ṣe irú ooru kan tí ó yàtọ̀ sí òmíràn. Ìwà ohun tí ń gba ooru ni. Bí Yorùbá bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ohun tí nǹkan ń ṣe ni ó sábà máa ń wò. Láti ara “gba ooru” ni ènìyàn ti lè rí “ìgbooru”. Ìgbooru omi sì lè jẹ́ iye ooru tí kílógíráàmù omi kan ń gbà fún dígíríì kan. “Ìwọ̀n ìgbóná” yóò dúró fún ohun tí tẹmómítà ń kà, “iye ooru” yóò dúró fún ohun tí júùlù ń kà, “ooru afarasin” yóò sì dúró fún èyí tí tẹmómítà kò rí. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí kò bójú mu ni kí àyè náà ṣófo, kí ọmọ sì máa rò pé kò sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ̀yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ìparí ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Àríyànjiyàn lórí èyí kò ní tán lónìí. Ṣùgbọ́n èdè yòówù tí ìjọba bá fọwọ́ sí, èdè tí ọmọ yóò fi ronú nígbà tí ògì bá dà sí àbúrò rẹ̀ lára ni yóò sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbé.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, ìbáà jẹ́ Yorùbá nìkan ni wọ́n ní kí ó kọ́, lè mú ìkòkò kékeré méjì dání, kí ó bu ìwọ̀n omi àti ìwọ̀n òróró kan náà sínú wọn, kí ó gbé wọn sínú oòrùn fún wákàtí kan, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ fi tẹmómítà wò wọ́n. Lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n rí, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ibi tí pẹ́ńsù wọn bá ti dúró, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.